Ta Ló Ni Ẹwà Àmù?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Nígbà ìsinmi, mo ní kí n tún pálọ̀ wa ṣe láìná kọ́bọ̀. Mo yọ òdòdó oníke dànù. Mo ṣa òkúta róbótó létí odò, mo gbé igbá fínfín méjì kọ́ ara ògiri, mo sì tẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ Màmá àgbà sórí àga. "Ìbàdàn dùn" ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Òpó gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí ní 1929, wà lára rẹ̀. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń fa ẹ̀kọ láfún sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Pálọ̀ dùn ún wò, mi ò purọ́.

Àmù Màmá ló dá wàhálà sílẹ̀. Mo da omi inú rẹ̀ nù, mo ki koríko gbígbẹ bọ̀ ọ́. Màmá ti ọjà dé, wọ́n mú ife, wọ́n wò ó títí.

"Ọmọ mi, ṣé mo ti kú ni?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò wá. Ara àmù a máa làágùn díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ló ń mú omi tutù. Lójú Màmá, ibẹ̀ gan-an ni ẹwà rẹ̀ wà. Lójú tèmi, àfi kó ṣíwọ́ iṣẹ́ kó tó rẹwà. Ṣé nǹkan ìbílẹ̀ ni mo fẹ́ràn, àbí àwòrán rẹ̀? Ti àdìrẹ, mo rò pé mi ò jẹ̀bi, ó pẹ́ tí wọ́n ti ró o kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n mi ò kúkú bi wọ́n.

Mo ti fọ àmù, mo pọn omi kún un. Pálọ̀ náà ló ṣì wà. Màmá ló ní kó wà níbẹ̀, pé ẹ̀yìnkùlé ti jìnnà sí ẹsẹ̀ àwọn. Ojoojúmọ́ ló ń rin ilẹ̀.