Mo Dá A Mọ̀

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo gbé wá: dá mọ̀. Kò sí ẹni tí kò lò ó rí nínú wa. Èmi lò ó ní Yábà, díẹ̀ ló kù kó pa ọmọ ọlọ́mọ.

Nítòsí Tèjúoṣó ni, lálẹ́. Ẹnì kan já fóònù mi gbà nínú dánfó, ó bẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo rí, àti ṣẹ́ẹ̀tì pupa. Kò pẹ́ tí wọ́n fi wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé iwájú mi. "Àǹtí, ṣé òun nìyí?" Mo ní, "Òun ni, mo dá a mọ̀." Ìgbájú ti ń balẹ̀ kí ìyá kan tó ń sun àgbàdo tó figbe ta: "Ọmọ yìí ò kúrò lọ́dọ̀ mi láti ìrọ̀lẹ́ o! Ẹ fi í sílẹ̀!" Wọ́n fi í sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Kò dá mi lóhùn.

Nígbà tí mo dé Akọ́kà, oorun ò wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rọ̀ yẹn wò. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó máa ń là sí méjì ni: dá níwájú, mọ̀ lẹ́yìn, ẹni tá à ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ á sì há sáàárín. Lójú tèmi, dá inú "dá dúró" àti "dá wà" ni: ká yọ ẹnì kan kúrò láàárín èrò. Mọ̀ ni iṣẹ́ kejì. Èmi ṣe ti àkọ́kọ́, mo wá pariwo bíi pé mo ti ṣe méjèèjì.

Yàtọ̀ wá ńkọ́? Yà àti ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀nà tí ò lẹ́mìí gan-an ń yà ní Ojúẹlẹ́gba. Ohun méjì tó yàtọ̀, wọ́n ti yàtọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wò wọ́n. Ọmọ yẹn ti yàtọ̀ sí olè kí n tó lanu. Àmọ́ dá mọ̀ ò lè ṣẹlẹ̀ láìsí èèyàn, èèyàn ló sì ń ṣì í.

Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni àwọn mẹ́rin tí wọ́n lù, tí wọ́n sì dáná sun ní Aluu, lẹ́bàá Port Harcourt, lọ́jọ́ 5 oṣù kẹwàá, ọdún 2012. Wọ́n ní olè ni wọ́n. Èrò ò dúró de mọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan bi mí pé bí wọ́n bá tún já fóònù mi gbà, ṣé màá dákẹ́ ni? Ìbéèrè gidi ni, torí olè yẹn wà níbì kan, fóònù mi wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní màá sọ pé "ó jọ ọ́." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìgbájú ò mọ gírámà.

Mo ṣì ń ra àgbàdo lọ́wọ́ ìyá yẹn. Kò tíì dá mi mọ̀.