Ojú Ta Ni Yóò Wà Níta?

Lọ́sàn-án Sátidé kan nínú oṣù Kẹrin, lórí koríko pápá gíláídà kan lẹ́bàá òkè Dunstable nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Bísí àti Bọ̀dá Wálé jókòó, wọ́n ń dúró kó kàn wọ́n. Gíláídà ni ọkọ̀ òfúrufú tí kò ní ẹ́ńjìnnì. Okùn ni wọ́n fi ń fà á sókè. Tí okùn bá ti já sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ló kù tí yóò gbé e. Ó ti pẹ́ tí Bọ̀dá ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní fífò. Bísí ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìyọ̀ǹda láti dá fò jìnnà sí pápá ni. Bọ̀dá na tábúlẹ́ẹ̀tì kékeré kan tó ń fi ọ̀nà hàn sí i, ṣùgbọ́n Bísí kò gbà á.

BÍSÍ: Ẹ ṣé o, Bọ̀dá, ṣùgbọ́n mi ò ní mú un. Ojú mi, máàpù bébà, àti òwú pupa tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú, wọ́n tó mi.

BỌ̀DÁ WÁLÉ: Òwú yẹn á sọ fún ẹ bí ọkọ̀ bá ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Kò ní sọ fún ẹ pé o ti wọ òfúrufú tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn bàlúù pápákọ̀ òfúrufú Luton.

BÍSÍ: Máàpù á sọ ọ́.

BỌ̀DÁ WÁLÉ: Máàpù á sọ ibi tí ààlà wà. Ìwọ náà ńkọ́, níbo lo wà? Tí o bá ń yí po nínú afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń gbé ẹ lọ sókè, atẹ́gùn ń gbá ẹ lọ. Tó bá ń fẹ́ ní kìlómítà 20 ní wákàtí kan, láàárín ìṣẹ́jú 10 o ti kúrò níbi tí o wà ní ohun tó lé ní kìlómítà 3. Àwọn tó jókòó sínú bàlúù yẹn, pẹ̀lú ọmọ wọn, kò sí ẹni tó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí o fi ẹ̀mí wọn dán ojú rẹ wò.

BÍSÍ: Òótọ́ ni, mi ò lè jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo jókòó sẹ́yìn ẹnì kan. Ọkọ̀ mẹ́ta ló wà nínú afẹ́fẹ́ kan náà, gbogbo wa ń yí sápá kan. Kí a tó yí po lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹni náà tẹ orí ba láti fọwọ́ tẹ ojú ẹ̀rọ.

BỌ̀DÁ WÁLÉ: Èmi ni.

BÍSÍ: Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá, mi ò dárúkọ.

BỌ̀DÁ WÁLÉ: O ò ní láti dárúkọ. Jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jùyẹn fún ẹ. Lọ́dún tó kọjá, lẹ́bàá òkè yìí náà, mo ń wá ojú ìwé tí wọ́n kọ ìwọ̀n atẹ́gùn sí. Mo ṣí ọ̀kan, kì í ṣe òun. Mo ṣí òmíràn. Ìgbà tí mo gbé orí sókè, mo rí fìlà funfun lórí ẹni tó ń bọ̀ níwájú mi. Fìlà, Bísí! O mọ òfin òkè: ẹni tí òkè wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀ ló máa yà, torí ẹnì kejì kò lè yà sọ́tùn-ún kó má kọlu òkè. Ọwọ́ òsì mi ni òkè wà. Òun ló tẹ imú ọkọ̀ rẹ̀ bolẹ̀ tó gba abẹ́ mi kọjá. Ẹ̀rù bà mí débi tí ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Síbẹ̀, mo tún ṣe é níṣojú rẹ.

BÍSÍ: Ṣé FLARM, ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ tí ọkọ̀ méjì bá ń sún mọ́ra, ò ké ni?

BỌ̀DÁ WÁLÉ: Kò sí lára ọkọ̀ tiẹ̀. Láti 2004 tí wọ́n ti gbé e jáde ní Switzerland, ó ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n kò lè gbọ́ ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò sọ̀rọ̀.

BÍSÍ: Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Wọ́n ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Orí ara rẹ̀ nìyẹn. Lókè níbẹ̀, orí ẹlòmíràn náà ń bẹ lọ́wọ́ ojú mi. Tí mo bá gbé ojú wọ inú ọkọ̀, ohun tí kì í ṣe tèmi nìkan ni mo ń ná.

BỌ̀DÁ WÁLÉ: Mo gbà. Ṣùgbọ́n má sọ pé ìṣirò ló burú. Paul MacCready, ará Amẹ́ríkà tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé nínú fífi gíláídà fò ní 1956, ló kọ́ wa láti fi òrùka tí wọ́n ń fọwọ́ yí sétí aago tó ń sọ bí a ṣe ń gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀. Òrùka náà ló ń sọ bó ṣe yẹ kéèyàn sáré tó títí tí yóò fi bá afẹ́fẹ́ gbígbóná mìíràn. Áàpù XCSoar tó wà lójú ẹ̀rọ yìí, ọ̀fẹ́ ni, ìṣirò yẹn náà ló ń ṣe.

BÍSÍ: Ìṣẹ́jú àáyá kan lèèyàn ń fi wo òrùka. Kò ní ojú ìwé méjì. Kò sì ṣèlérí. Àwọn kan ń wo nọ́ńbà tó ní wọn á dé ilé, wọ́n ń fo pápá olóko tó dára sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà náà kò rí afẹ́fẹ́ tó ń rì níwájú. Wọ́n á wá já sínú ọgbà ẹni ẹlẹ́ni.

BỌ̀DÁ WÁLÉ: Kí wá ni ká ṣe? Ká jù ú nù, kí o wọ ọ̀nà Luton láìmọ̀?

BÍSÍ: Ká parí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀. Kó máa ké tí mo bá sún mọ́ ààlà, kó máa fi ibi tí mo wà hàn, ó parí. Tó bá gbóná tó kú ńkọ́?

BỌ̀DÁ WÁLÉ: Jẹ́ kó kú. Má jí i lókè. Kọ ẹ̀yìn sí Luton, kí o máa bọ̀ nílé.

BÍSÍ: Ẹ̀yin náà?

Bọ̀dá kò tètè dáhùn. Wọ́n ti ń pe nọ́ńbà ọkọ̀ Bísí.

BỌ̀DÁ WÁLÉ: Èmi náà. Bi mí tí mo bá sọ̀ kalẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ẹ.

Bísí gba tábúlẹ́ẹ̀tì náà. Ó so ó mọ́ apá òsì, nísàlẹ̀, níbi tí kò ti ní bo òwú pupa. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ààlà Luton fi yọ, ó pa ìyókù dé. Lẹ́yìn náà ló fa ìbọ̀wọ́ nínípọn jáde látinú àpò, irú èyí tí ojú ẹ̀rọ kì í gbọ́, ó sì wọ̀ ọ́ sọ́wọ́ méjèèjì.