Ọrọ̀ Ajé Dàgbà, Iná Ò Kún

Ọjọ́ 6, oṣù Kẹrin, ọdún 2014 ni Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè kéde nílùú Àbújá pé ọrọ̀ ajé Nàìjíríà ti di 510 bílíọ̀nù dọ́là. Iye owó ọjà ọdún 1990 ni wọ́n ti ń fi ṣe òṣùwọ̀n bọ̀. Wọ́n gbé e jù sílẹ̀, wọ́n mú ti 2010. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Nàìjíríà ti gba ipò kìíní Áfíríkà mọ́ Gúúsù Áfíríkà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n iná ò fi ẹyọ gílóòbù kan pọ̀ sí i. Nǹkan bí 4,000 mẹ́gáwáàtì ni gbogbo Nàìjíríà ń pín lò nígbà náà. Gúúsù Áfíríkà tí wọ́n ní ó ti fẹ̀yìn balẹ̀, tí èèyàn ibẹ̀ ò sì tó ìlàjì ti Nàìjíríà, ń lò ju 30,000 lọ.

Ṣé ilé tó ṣókùnkùn lè dàgbà?

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ti ń jiyàn ìbátan iná àti ọrọ̀ tipẹ́. Lọ́dún 1978, John Kraft àti Arthur Kraft yẹ ìṣirò Amẹ́ríkà láti 1947 dé 1974 wò. Wọ́n ní owó tó ń wọlé ló ń fa iná àti epo tí wọ́n ń lò, kì í ṣe iná ló ń fa owó. Àwọn mìíràn ti rí òdìkejì rẹ̀ nílẹ̀ ibòmíràn. Àríyànjiyàn náà kì í sábà béèrè ohun tí iná ń ṣe fún ẹni tó ń lò ó.

Bí ìdílé kan ní Kubwa, nítòsí Àbújá, bá ra bẹntiró sí jẹnẹrétọ̀, owó epo náà wọ inú ìṣirò ọrọ̀ ajé. Èéfín tó wọ yàrá àti ariwo tí kò jẹ́ kí ọmọ kàwé, kò sẹ́ni tó yọ wọ́n kúrò. Amartya Sen, ọmọ Íńdíà tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1998, ní ohun tí ènìyàn lè fi ayé rẹ̀ ṣe ló yẹ kí wọ́n fi wọn ìdàgbàsókè.

Ta wá ni iná tọ́ sí? Lóṣù Kẹrin 2024, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, fèsì: àdúgbò tó wà ní ìpele àkọ́kọ́, Band A, yóò máa rí iná fún wákàtí 20 lóòjọ́, ó kéré tán, wọn yóò sì máa san 225 náírà lórí kílówáàtì kan fún wákàtí kan. Nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún oníbàárà ni wọ́n. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, nítorí ilé iṣẹ́ amúnáwá tí kò rówó kò lè ra gáàsì.

Àmọ́ ní oṣù Kejì ọdún yẹn kan náà, AEDC, iléeṣẹ́ tó ń pín iná Àbújá, ti lérí pé òun máa já iná iléeṣẹ́ ìjọba 86, títí kan Aso Rock, ilé ààrẹ, nítorí gbèsè tó lé ní 47 bílíọ̀nù náírà. Aso Rock jiyàn iye tí wọ́n kọ sí i lọ́rùn. Télọ̀ tó ń lo mítà oníkáàdì ní Nyanya kò lè jẹ gbèsè bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ fẹ́: káàdì tán, iná lọ, ẹ̀rọ dúró. Ẹni tó ń fi irú mítà bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ ajé ń sanwó kó tó tanná; ọ́fíìsì ìjọba ń tanná kó tó sanwó. Bí ìjọba bá fẹ́ kí èsì NERC bá ẹ̀tọ́ mu, ọ́fíìsì tirẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé mítà oníkáàdì sí.