Onílé Ló Ni Ilé, Ta Ló Ni Ìdájọ́?

Ní ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé ọdún 2017, wọ́n jí oníṣòwò òògùn òyìnbó kan gbé ní Ìlúpéjú. Ìgándò ni wọ́n gbé e lọ, sínú ilé kan tó wà ní àdúgbò tí àwọn èèyàn mìíràn ń gbé. Wọ́n gba 223,000 owó yúrò lórí rẹ̀, síbẹ̀ wọn kò tú u sílẹ̀. Oṣù Èbìbí ni òun fúnra rẹ̀ rí ọ̀nà sá jáde. Nígbà tó di oṣù Òkúdu, ọwọ́ ọlọ́pàá tẹ Chukwudumeme Onwuamadike, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Evans, ní Mágódò. Ní ọjọ́ 25 oṣù Èrèlé ọdún 2022, Adájọ́ Hakeem Oshodi ti ilé-ẹjọ́ gíga ní Ìkẹjà rán òun àti àwọn méjì mìíràn lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére lórí ọ̀rọ̀ náà.

Kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ba àwọn onílé lẹ́rù ní Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ yìí tóbi débi pé wọ́n pín in sí mẹ́fà, ìkànìyàn ọdún 2006 sì ka ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan níbẹ̀. Láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá, láti Ìdímù dé Ìpájà, ayálégbé ló pọ̀ jù nínú ọ̀pọ̀ ilé, ẹni tó wà ní yàrá kejì sì lè má mọ orúkọ bàbá ẹni tó wà ní yàrá kìíní. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti gbọ́ pé tẹ́náǹtì kan ń ṣe gbájúẹ̀ tàbí pé ó ń ta igbó, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu ni pé, “Ẹ lé e jáde!” Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀?

N kò ní fi ẹ̀tọ́ onílé ṣeré. Àwọn baba wa sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Òfin náà gbà bẹ́ẹ̀. Òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí Gómìnà Babatúndé Fáṣọlá fọwọ́ sí ní ọdún 2011, ka lílo ilé fún ìwà ìbàjẹ́ tàbí iṣẹ́ tó lòdì sófin mọ́ ara ohun tí ilé-ẹjọ́ lè torí rẹ̀ dá ilé padà fún onílé. Onílé tó bá sì dijú sí i kò bọ́. Lábẹ́ òfin tó lòdì sí ìjínigbé tí Èkó ṣe ní ọdún 2017, ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wọ́n fi ilé rẹ̀ pa ẹni tí wọ́n jí gbé mọ́ yóò ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún 14, kò sí pé ó ń sanwó ìtanràn dípò. Òfin àpapọ̀ ti ọdún 2006 lórí gbájúẹ̀ ń rán ẹni tó ń gbé ilé tàbí tó ń mójú tó o, tó sì mọ̀ọ́mọ̀ fàyè gba iṣẹ́ náà níbẹ̀, lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún sí 15.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ kan tí àwọn òfin méjèèjì yìí dì mú: “mọ̀ọ́mọ̀.” Níbẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà. Èdè Yorùbá kì í da ohun tí a mọ̀ pọ̀ mọ́ ohun tí a gbà gbọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, Barry Hallen àti J. O. Ṣódípọ̀, jókòó ti àwọn oníṣègùn, wọ́n sì kọ ìwé kan lórí rẹ̀ ní ọdún 1986. Ohun tí wọ́n rí kọ́ ni pé ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni à ń pè ní ìmọ̀. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ìgbàgbọ́ ni títí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó sọ pé “mo gbọ́ pé ó ń ṣe Yahoo” kò tíì sọ pé “mo mọ̀ pé ó ń ṣe Yahoo.” Àlàfo tó wà láàrin gbólóhùn méjì yìí gbòòrò tó ibi tí odidi ìdílé lè já sí.

Ká sọ pé opó kan wà ní Ẹ̀gbẹ́dá tó ń ta ẹ̀wà níwájú ilé, tó háyà yàrá méjì, tó sì bí ọmọ mẹ́ta. Àkọ́bí rẹ̀ ti pé ọmọ ogún ọdún. Kì í jáde lọ síbi iṣẹ́ lówùúrọ̀, òru ló ń tẹ kọ̀ǹpútà, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fóònù olówó ńlá. Ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó lè jẹ́ lóòótọ́ pé gbájúẹ̀ ni. Ó sì lè jẹ́ pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń bá ilé-iṣẹ́ kan ṣe ní Amẹ́ríkà, níbi tó jẹ́ pé òru tiwa ni ọ̀sán tiwọn. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wà láàrin wa, ariwo jẹnẹrétọ̀ wọn ni àdúgbò sì fi ń mọ̀ wọ́n. Bí onílé bá yọ ilẹ̀kùn yàrá ìyá yìí, tó sì kó ìkòkò ẹ̀wà rẹ̀ síta, èwo nínú méjèèjì ló ti mọ̀? Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 náà sọ ọ́ ní abala 36 pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí ilé-ẹjọ́ yóò fi dá a lẹ́bi.

Ìdí nìyí tí òfin ọdún 2011 yẹn kò fi fi kọ́kọ́rọ́ ìdájọ́ lé onílé lọ́wọ́. Bí àgírímẹ́ǹtì kò bá sọ iye àkókò, ẹni tó ń san owó ilé lọ́dọọdún gbọ́dọ̀ gba ìwé kúìtì oṣù mẹ́fà, ẹni tó ń san lóṣooṣù gbọ́dọ̀ gba ti oṣù kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé ọjọ́ méje máa tẹ̀ lé e, kí ọ̀rọ̀ tó dé iwájú adájọ́. Onílé tó bá fi agbára lé ènìyàn, tó bá halẹ̀ mọ́ ọn tàbí tó mọ̀ọ́mọ̀ ba ilé jẹ́ kí ó lè jáde, lè san ìtanràn tó tó 250,000 náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tó tó oṣù mẹ́fà. (Òfin yìí kò kan Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà. Ẹ bá mi bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀.)

Mo mọ ohun tí bàbá onílé yóò sọ. Yóò ní, “Oṣù mẹ́fà kẹ̀? Kí n máa wo ajínigbé fún oṣù mẹ́fà nínú ilé tí mo fi òógùn ojú mi kọ́?” Ọ̀rọ̀ gidi ni, ẹni tó bá fi í rẹ́rìn-ín kò tíì gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì ni bàbá lọ́ pọ̀. Ọ̀ràn dídá yàtọ̀, ilé gbígbà padà yàtọ̀. Ọlọ́pàá kò nílò ìwé kúìtì kí wọ́n tó mú ajínigbé; bí ẹ̀rí bá wà, alẹ́ òní ni wọ́n lè dé. Ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 2022, nígbà tí àjọ NDLEA já wọ ilé ìkẹ́rùsí kan ní àdúgbò kan ní Ìkòròdú, tí wọ́n sì kó kokéènì tó lé ní 1,800 kílò níbẹ̀, kì í ṣe kúìtì ni wọ́n mú lọ. Ilé nìkan ló ní láti dúró de adájọ́.

Kí ni ẹni tó bá kàn lé afurasí jáde ṣe gan-an? Ó gbé e fún ẹlòmíràn ni. Afurasí kúrò ní Ìgándò, ó háyà ilé ní Ẹ̀gbẹ́dá, owó ọdún méjì ló fi lé ajẹ́ńtì lọ́wọ́, onílé tuntun kò sì mọ nǹkan kan. Bí ó bá jẹ́ ọ̀daràn lóòótọ́, ewu kò dín, àdúgbò ló yí padà. Bí kò bá sì jẹ́ ọ̀daràn, aláìṣẹ̀ ló jìyà. Èmi kò rí ọ̀nà kankan tí lílé jáde ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fi dára, àfi fún onílé tí kò fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ̀rù yẹn yé mi. Kò ti ara rẹ̀ di ìwà rere.

Ó wá ku èyí tó le jù. Ká ní ọ̀rọ̀ já sí òtítọ́, wọ́n mú ọmọ opó náà, ilé-ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi. Ṣé kí ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ méjì náà kó ẹrù? Amẹ́ríkà ti dáhùn ìbéèrè yìí, ìdáhùn wọn kò sì dùn mọ́ mi. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1988 ní kí àgírímẹ́ǹtì ilé ìjọba sọ pé bí ayálégbé, ará ilé rẹ̀ tàbí àlejò rẹ̀ bá lọ́wọ́ nínú òògùn olóró, wọ́n lè gba ilé náà. Ní Oakland, wọ́n fẹ́ lé ìyá ẹni ọdún 63 kan nítorí kokéènì tí wọ́n bá lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ níta, tí kì í ṣe inú ilé. Wọ́n fẹ́ lé àwọn arúgbó méjì nítorí àwọn ọmọ-ọmọ wọn tó ń fa igbó níbi ìgbọ́kọ̀sí. Wọ́n fẹ́ lé bàbá ẹni ọdún 75 kan, abirùn, nítorí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ní ọdún 2002, adájọ́ mẹ́jọ ní ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fẹnu kò, láìsí alátakò, pé òfin gbà wọ́n láyè láti lé wọn, wọn ì báà má mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Àwọn adájọ́ yẹn sọ ohun tí òfin wọn gbà láyè. Wọn kò sọ pé ó tọ́ kí a ṣe é. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n kò bá ọmọ náà lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì. Bí ó bá jẹ nínú owó náà, tó sì mọ ibi tó ti wá, ẹjọ́ tirẹ̀ dé. Bí kò bá mọ̀, tó sì ń san owó ilé rẹ̀ láti inú ẹ̀wà, kí ni onílé fẹ́ lé? Ọ̀daràn ti kúrò nínú ilé. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ló yẹ kí wọ́n gbé lọ sí Citizens’ Mediation Centre ti ìjọba Èkó, níbi tí wọ́n ti ń parí ìjà onílé àti ayálégbé láìgba kọ́bọ̀.

Èmi kò fẹ́ kó dà bíi pé onílé nìkan ni mò ń bá wí, ṣùgbọ́n irú onílé kan wà tí mo ní láti bá wí. Ọmọkùnrin kan dé, kò níṣẹ́ tó lè dárúkọ, kò ní oníduùró, ó ní òun yóò san ìlọ́po méjì. Onílé gba owó, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn ọdún kan, tí ọkọ̀ EFCC yí ilé ká láago mẹ́rin ìdájí, onílé yìí kan náà ló ń pariwo pé Yahoo ba àdúgbò jẹ́. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bíi ti ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un.

Ọ̀pọ̀ àgírímẹ́ǹtì tí wọ́n ń kọ fún ilé yíyá ló ní ìlà kan tó sọ pé ayálégbé kò gbọdọ̀ fi ilé ṣe iṣẹ́ tó lòdì sófin. Bí ajẹ́ńtì bá gbé ìwé náà kalẹ̀, owó ni gbogbo wọn á kọ́kọ́ kà. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ìka han ayálégbé ibi tí yóò fọwọ́ sí, tí yóò sì ṣí ojú ewé náà kọjá.