Ẹ̀mí Aláǹtakùn Kan àti Orúkọ Tí Wọ́n Fún Un



Inú ìpàdé wa kan ní Igbókòdá ni ọ̀rọ̀ oṣù yìí ti jáde. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, arákùnrin wa kan tó ń kọ́ nípa àwọn ohun abẹ̀mí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga sọ fún wa nípa aláǹtakùn kan ní aṣálẹ̀. Kò tíì sọ ọ́ tán tí arábìnrin kan fi nawọ́ sókè. Ìbéèrè tó bèèrè ni a kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ aláǹtakùn náà ná.

Ní gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Mòrókò, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Erg Chebbi, iyanrìn ni ó ga bí òkè. Àwa tí à ń fi ọkọ̀ ojú omi lọ sọ́jà, tí ilé wa dúró lórí òpó nínú ẹrẹ̀, ó ṣòro fún wa láti fojú inú wo irú ibẹ̀. Oòrùn ọ̀sán ibẹ̀ lè pa ohun kékeré tó bá dúró síta. Síbẹ̀, Ọlọ́hun fi aláǹtakùn kan síbẹ̀. Kì í ta jànkáriwọ̀ bí èyí tó wà ní igun ilé wa. Ihò gígùn ni ó ń gbẹ́ sínú iyanrìn, yóò sì fi òwú ara rẹ̀ lẹ iyanrìn náà pọ̀ kí ihò má baà wó lé e lórí. Ibẹ̀ ni yóò wà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kí ó tó jáde wá ohun tí yóò jẹ. Bí a kò bá ka ẹsẹ̀ mọ́ ọn, ara rẹ̀ kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2 lọ.

Bó ṣe ń sá fún ọ̀tá ni ó jẹ́ kí ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ fẹsẹ̀ sáré, nǹkan bí mítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ewu náà kò bá kúrò lẹ́yìn rẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tàkìtì léraléra, bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń ṣe létí òkun ní Ìlàjẹ níbí, eré rẹ̀ yóò sì di mítà 2. Aláǹtakùn kan wà ní Nàmíbíà tó máa ń yí bí kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ òkè nìkan ni ó lè yí lọ. Ti Mòrókò yìí ń tàkìtì lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, àní ó ń tàkìtì gun òkè! Agbára tí èyí ń gbà lára rẹ̀ pọ̀ púpọ̀, nítorí náà kì í ṣe é àfi bí ọ̀ràn bá dójú ẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì kan, Ingo Rechenberg, ni ó kíyè sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa wo bí Ọlọ́hun ṣe dá àwọn ẹranko (ọ̀rọ̀ tiwa nìyẹn, kì í ṣe tirẹ̀), kí ó sì fi kọ́ bí a ṣe ń ṣe ẹ̀rọ. Ó ṣe ẹ̀rọ kan tó ń rìn bí aláǹtakùn náà, ó pè é ní Tabbot, ó yọ ọ́ láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn Bérbérì ń pe aláǹtakùn. Ó wá fi aláǹtakùn náà lé Peter Jäger lọ́wọ́ ní ilé ìwádìí Senckenberg ní Frankfurt. Jäger kọ́kọ́ rò pé irú kan tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ní Tùnísíà ni, nítorí wọ́n jọra bí ìbejì. Nígbà tó yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, ó rí i pé ẹ̀yà ara tí wọ́n fi ń bímọ yàtọ̀ síra. Ní ọdún 2014 ni ó kọ ọ́ sínú ìwé pé irú ọ̀tun ni, ó sì sọ ọ́ ní Cebrennus rechenbergi. Ẹ̀rọ gba orúkọ lọ́dọ̀ àwọn Bérbérì, aláǹtakùn sì gba ti ọ̀jọ̀gbọ́n. A rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí èyí.

Ibi tí ẹ̀rín ti tán nìyí. Arákùnrin wa ṣàlàyé pé irú ẹ̀yà ara bẹ́ẹ̀ kò ṣeé wò dáadáa lára aláǹtakùn tó ń sáré kiri. Wọn yóò pa á, wọn yóò kì í bọ inú ìgò sípírítì (ọtí tí kò sí ẹni tí yóò mu ún), wọn yóò sì gbé e sábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ìgbà náà ni arábìnrin wa nawọ́. Ó ní: “Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ohun tí kò bù wá jẹ, tí a kò sì fẹ́ fi ṣe oúnjẹ, tí a wá pa torí kí a lè fún un lórúkọ, ta ni yóò dáhùn fún ẹ̀mí rẹ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde?” Ọ̀kan nínú wa ní ṣebí òun náà ń fi ìgbálẹ̀ pa aláǹtakùn ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ó dáhùn pé, “Ìgbálẹ̀ tèmi yẹn gan-an ni mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó.”

Ẹlòmíràn ní kí a má pa aláǹtakùn rárá, nítorí èyí tó ta ilé sẹ́nu ihò Thawr nígbà tí Ànábì àti Abu Bakr wà nínú rẹ̀. Al-Kùránì sọ nípa ihò náà nínú Súrà At-Tawbah, ṣùgbọ́n kò dárúkọ aláǹtakùn níbẹ̀, àwọn onímímọ̀ sì yapa lórí bí ìròyìn náà ṣe lágbára tó. A kò ní fi ibẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀. Èyí tó lágbára wà: Súrà Al-An‘ām jẹ́ kí a mọ̀ pé ìjọ ni àwọn ẹranko orí ilẹ̀ àti ẹyẹ, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe jẹ́ ìjọ. Hádíìsì Bukhari sì sọ fún wa nípa ànábì kan tí èèrà kan bù jẹ, tó ní kí wọ́n dáná sun gbogbo ilé èèrà, tí Ọlọ́hun sì bá a wí. Ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹyọ èèrà kan kọ́ ni ó yẹ kí odidi ìjọ jẹ.

Ohun tí a gbà nìyí, bí kò tilẹ̀ tẹ́ gbogbo wa lọ́rùn. Nínú ẹ̀sìn wa, ẹni tó bá sọ ohun kan nípa ẹlòmíràn yóò mú ẹlẹ́rìí wá. Aláǹtakùn inú ìgò yẹn ni ẹlẹ́rìí. Ẹnikẹ́ni tó bá jiyàn pẹ̀lú Jäger lè lọ wò ó fúnra rẹ̀, lónìí tàbí ní 100 ọdún sí i. Bí àwọn tó ṣáájú kò bá sì tọ́jú ti Tùnísíà, kí ni ẹnikẹ́ni ìbá fi wé? A ìbá máa pe méjì ní ọ̀kan, bí ọ̀kan bá sì parun, a kò ní mọ̀ pé ohunkóhun lọ. Nítorí náà a kò rí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn ẹni tó mú ìwọ̀nba tí iṣẹ́ náà ń fẹ́, tó tọ́jú rẹ̀, tó sì kọ òótọ́ nípa rẹ̀. Ẹni tó ń kó wọn jọ fún ṣekárími, tiẹ̀ yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo odò tiwa. Ẹnì kan yóò da Gamalin sínú omi lóru kí ó lè kó apẹ̀rẹ̀ ẹja mélòó kan. Àtẹja ńlá, àtọmọ ẹja, akàn, edé àti kòkòrò tí kò tíì lórúkọ nínú ìwé kankan, gbogbo wọn ni yóò léfòó. A kò mú ẹlẹ́rìí kankan nínú wọn. A gé igi etí omi fi yan ẹja, a kò sì bèèrè ohun tó ń gbé lára rẹ̀. Ní Ayétòrò, ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, òkun ti gba ilé, ó gba òpópónà, ó sì gba ohun gbogbo tó ń rákò lórí ilẹ̀ náà. Ẹni tó ń ké lórí ẹyọ aláǹtakùn kan nínú ìgò ní Frankfurt, tí kò sọ nǹkan kan lórí Gamalin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò tíì ṣe déédéé. A sọ èyí sí ara wa pẹ̀lú.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé aṣálẹ̀ nìkan ni ohun tuntun wà. Ní 2011, Wanda Wesołowska àti Anthony Russell-Smith gbé ìwádìí jáde lórí àwọn aláǹtakùn tí ń fò mọ́ ẹran ní gúúsù Nàìjíríà níbí, irú tí kò tíì lórúkọ tẹ́lẹ̀ sì wà nínú wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, irú aláǹtakùn tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ní gbogbo ayé pé 50,000, wọ́n sì ń kọ sí i.

Nígbà tí a ń gbé ẹní wa nílẹ̀, arábìnrin wa tún bèèrè ọ̀kan sí i. Ó ní ó dára, ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ tọ́. Bí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mìíràn bá wá ní òun náà fẹ́ tòun ńkọ́? Lórí èyí a kò fohùn ṣọ̀kan. Arákùnrin wa ní òun yóò bi olùkọ́ òun, a sì ti kọ ìbéèrè náà fún aáfà wa. Òǹkàwé tó bá ní ohun tí yóò sọ sí i, kí ó kọ̀wé sí wa.