Ìsinmi Létí Òkun: Ṣé Ìnákúnàá Ni?

Nínú gbogbo àdúrà tí àwa Yorùbá fẹ́ràn, díẹ̀ ni àmín rẹ̀ máa ń dún tó ti èyí: "Alẹ́ á san wá ju òwúrọ̀ lọ." Àdúrà rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò díẹ̀. Ohun tó ń sọ fún wa ni pé òwúrọ̀ ni ti iṣẹ́, ọ̀sán ni ti làálàá, alẹ́ nìkan ni ti ìsinmi. Bí ọkùnrin kan bá jókòó sílé láàárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sìdeè, kò sí aládùúgbò tí yóò bi í pé, "Ṣé ẹ̀ ń sinmi ni?" Ohun tí wọn yóò bi í ni pé, "Ṣé kò sí o? Àbí wọ́n ti dá yín dúró níbi iṣẹ́ ni?"

Èrò yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ẹbí tó ní ọmọ nílùú Òyìnbó. Ẹ̀yin náà á ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Fọ́tò kan á ti Lọ́ńdọ̀nù dé sórí fóònù: bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta dúró lórí iyanrìn létí òkun, àwọn ọmọ wọ aṣọ rọ́bà dúdú, wọ́n gbá pátákó gígùn mọ́ra. Ilé kékeré funfun kan wà lẹ́yìn wọn tó dà bí àpótí. Ìyá àgbà ní Ìbàdàn á wo fọ́tò náà títí, á wá ní, "Ó dáa náà. Òrùlé ń jò lé èmi lórí, àwọn lọ ń fi owó ṣeré nínú omi." Àwọn tó jókòó tì í á mi orí. Wọ́n ti dá ọmọ lẹ́bi nìyẹn.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti ọmọ náà, kí a sì gbọ́ ti ìyá dáadáa.

Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ. Ilé bí àpótí yẹn ni wọ́n ń pè ní káráfáànù. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ní táyà, mọ́tò ló ń fà á lọ síbi tí onílé bá fẹ́. Èkejì, wọ́n ti gbé e kalẹ̀ sójú kan nínú ọgbà ńlá, òun àti ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ á sì háyà rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù onígáàsì wà, tábìlì kan sì wà tí wọ́n lè sọ di ibùsùn bí ilẹ̀ bá ṣú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun ìgbádùn olówó ni. Dókítà William Gordon Stables ló ní kí wọ́n kan ọ̀kan fún òun ní 1885, ẹṣin méjì ló sì ń fà á. Lónìí, púpọ̀ nínú àwọn tó ń háyà rẹ̀ jẹ́ ìdílé tí àpò wọn kò gbé hòtẹ́ẹ̀lì. Wọn á di ìrẹsì, ẹ̀wà àti gààrí sẹ́yìn mọ́tò, wọn á sì máa dá oúnjẹ ara wọn sè.

Newquay, ní ẹkùn Cornwall, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí wọ́n ń lọ jù. Ó lé ní 250 máìlì sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹja pípa ni iṣẹ́ wọn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó tó di pé rélùwéè bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò dé ìlú náà ní 1876. Ní 1962, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin kan láti Ọsirélíà, ẹ̀ṣọ́ etíkun ni wọ́n, gbé pátákó gígùn wá síbẹ̀, wọ́n dìde dúró lórí ìgbì, ẹnu ya gbogbo ìlú. Láti ìgbà náà ni Newquay ti di ìlú àwọn tó ń gun ìgbì. Etíkun Fistral kọjú sí agbami Atlantic tààrà, ìgbì tó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ ló ń fọ́ síbẹ̀. Omi ibẹ̀ tutù. Nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì gan-an, kì í sábà ju dígírì 16 sí 17 lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ inú fọ́tò fi wọ aṣọ rọ́bà. Kì í ṣe oge.

Àwọn kan á ní, "Kò sí irú èyí nínú àṣà tiwa." Ṣé lóòótọ́ ni? Àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìjẹ̀bú, ṣé kì í ṣe ilé méjì ni wọ́n ń ní? Ilé ńlá wà nílé, ahéré wà lóko. Bàbá, ìyá àti ọmọ á kó ara wọn sínú ahéré oníyàrá kan, wọn á jọ sun iṣu, wọn á jọ pa àlọ́, kò sí ẹnikẹ́ni tó lè sá fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ọmọ kọ́ lóko ní ọ̀sẹ̀ kan lè ju èyí tó kọ́ nílé ní oṣù mẹ́ta lọ. Káráfáànù kò jìnnà sí ahéré rárá, àfi pé kò sí ọkọ́ níbẹ̀. Ní ti ìgbì gígun, kì í ṣe Òyìnbó ló dá a sílẹ̀. Gbogbo ayé mọ̀ pé àwọn ará Hawaii ti ń ṣe é tipẹ́tipẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé láàárín 1830 sí 1840, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, James Alexander, rí àwọn ọmọkùnrin ní Accra tí wọ́n fi pátákó fẹ́lẹ́ sábẹ́ ikùn, tí wọ́n dúró de ìgbì, tí wọ́n sì gùn ún padà sí èbúté. Ó kọ ọ́ sínú ìwé. Àwọn ọmọ adúláwọ̀ ti ń gun ìgbì kí ẹnikẹ́ni tó gbé pátákó dé Newquay.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ àṣà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Owó ló kù.

Mi ò ní fojú kéré ọ̀rọ̀ owó. Bí òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá bá tán, tí ọmọ sì mọ̀, tó wá lọ háyà káráfáànù, ìwà ìkà ni. Kò sí àwáwí níbẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe òògùn la ń jà lé lórí. Àwa tí à ń pe ọ̀sẹ̀ kan létí òkun ní ìnákúnàá, àwa yìí náà là ń yá owó sin òkú. A ó pa màlúù, a ó ra aṣọ ẹbí, a ó pe olórin, gbogbo rẹ̀ á sì tán ní ọjọ́ kan. Kò sí ẹni tó ń pè é ní ìnákúnàá, ayẹyẹ la fi ń pè é. Ẹ gbà mí láyè kí n béèrè: kí ló dé tí owó tí a ná lórí òkú fi jẹ́ iyì, tí èyí tí a ná lórí ọmọ tó wà láàyè fi jẹ́ àṣìnà?

Ẹ tún wo irú ìgbé ayé tí ọmọ náà ń gbé. Ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù, Manchester àti Birmingham ló ń ṣiṣẹ́ àṣegbà. Ìyá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ alẹ́ ní ọsibítù, bàbá ń jáde lọ síbi iṣẹ́ àárọ̀, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń kí ara wọn. Àwọn ọmọ mọ bí ìyá ṣe ń sùn ju bí ó ṣe ń rẹ́rìn-ín lọ. Ariwo tí wọ́n ń gbọ́ jù ni, "Ẹ dákẹ́, Dádì ń sùn." Irú ilé bẹ́ẹ̀ lè ní owó, kó ní aṣọ, kó ní tẹlifíṣàn ńlá, kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ má sì mọ ara wọn. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà.

Nínú káráfáànù, òjò Cornwall lè fi odidi ọjọ́ kan rọ̀. Kò sí yàrá tí ọmọ fẹ́ sá wọ̀. Ayò ni wọn á ta, tàbí ìtàn ni wọn á sọ. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń béèrè pé, "Dádì, kí ni orúkọ ìyá Grandma?" Ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ oríkì rẹ̀. Bí oòrùn bá sì wá yọ, tí wọ́n dé etíkun, àwọn ọmọ ni ọ̀gá níbẹ̀, torí ara wọn fúyẹ́. Bàbá ni yóò gun pátákó tí yóò ṣubú, tí yóò mu omi iyọ̀, tí àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín títí. Ó dára kí ọmọ rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé bàbá òun náà ń ṣubú, ó sì ń dìde. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ̀kọ́ ilé sì rèé, ó ń fẹ́ àkókò. A kò lè fi bánkì rán an.

Ẹ má sì rò pé wọ́n bí ìsinmi mọ́ Òyìnbó. Tẹ́lẹ̀, òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá lọ sinmi, owó ọ̀sẹ̀ yẹn ti lọ nìyẹn. Òfin 1871 fún wọn ní àwọn ọjọ́ ìsinmi tí báńkì ń tì. Ó di 1938, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti jà fún ọdún púpọ̀, kí òfin tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí òṣìṣẹ́ púpọ̀ lè sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan kí owó wọn má sì gé. Lónìí, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ọjọ́ 28 lọ́dún. Ọmọ wa kò jí ọjọ́ yẹn. Iṣẹ́ ló fi rà á.

Ìsinmi náà ní gbèsè tirẹ̀ o. Ní Cornwall, àwọn olówó láti ọ̀nà jíjìn ra ilé tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ onílùú kò rí ilé gbé mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará St Ives fi dìbò ní 2016 pé ilé tuntun tí wọ́n bá kọ́ nílùú àwọn, ẹni tí yóò fi ṣe ibùgbé rẹ̀ gan-an ni kó ni ín. Ẹni tó háyà káráfáànù kò gba ilé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kó rántí ẹni tó ń fọ ibẹ̀ lẹ́yìn tó bá lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ilé ìwé. Oṣù Ògọ́ọ̀sì, tí ilé ìwé wà ní ìsinmi, ni káráfáànù máa ń wọ́n jù, àwọn òbí kan á sì mú ọmọ kúrò ní kíláàsì nínú oṣù Kẹfà kí owó lè dín. Láti 2024, owó ìtanràn rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 80 pọ́n-ùn lórí ọmọ kan fún òbí kan, ó sì ń di 160 bí wọn kò bá tètè san án. Owó ìtanràn kọ́ ló dùn mí jù. Òbí tó bá kọ́ ọmọ láti sọ fún tíṣà pé ara òun ò yá, irọ́ ni ọmọ náà kọ́ ní họ́lídè, kì í ṣe ìgbì gígun.

Òkun fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Ní Newquay, àwọn ẹ̀ṣọ́ RNLI, ẹgbẹ́ aláàánú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1824, máa ń ri àsíá mọ́lẹ̀: pupa àti yẹ́lò fún àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́, dúdú àti funfun fún àwọn oní-pátákó ńlá, pupa nìkan fún "ẹ má wọ̀ ọ́." Bàbá tó bá fojú di àsíá nítorí pé ó ti sanwó ọ̀nà kò wá sinmi, ó wá dán Ọlọ́run wò ni. Ọ̀pọ̀ wa rántí ohun tí omi Bar Beach ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ nígbà ọdún, kí wọ́n tó sọ ibẹ̀ di Èkó Atlantic.

Mo wá padà sọ́dọ̀ ìyá, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wúwo jù. Obìnrin yìí ló ta aṣọ lọ́jà fún ọgbọ̀n ọdún kí ọmọ rẹ̀ lè kàwé. Kò ní ọjọ́ 28 lọ́dún. Kò ní ọjọ́ kan. Nígbà tó wo fọ́tò yẹn, mi ò rò pé ìlara ló mú un sọ̀rọ̀, òrùlé nìkan kọ́ sì ni. Ó ń bi ara rẹ̀ pé, "Ìgbà wo ni tèmi?" Ìbéèrè gidi ni. Alẹ́ tí a ṣèlérí fún un ti ń lẹ́.

Ẹ ẹ̀ rí i pé Òyìnbó pín ìsinmi sí inú ọdún, àwa sì kó o jọ de alẹ́. Ọ̀nà méjèèjì ló ní àléébù. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wọn ló ń lo alẹ́ ayé nínú ilé ìtọ́jú, ọmọ wọn ń wá wò wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, tó jẹ́ pé obìnrin Yorùbá ló ń wẹ̀ fún wọn láàárọ̀. Àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí àgbà, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwa náà ń gba ìgbà èwe lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa, a ń sọ pé ó dìgbà tí a bá ti là. Èwe kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí a kò bá ṣeré lónìí, ọkùnrin onírùngbọ̀n la ó bá nígbà tí ọwọ́ wa bá dilẹ̀.

Èrò tèmi nìyí. Ìsinmi kì í ṣe ìnákúnàá bí a kò bá yá owó ṣe é, bí a kò bá ṣe é láti fi ṣe fáàrí, bí a kò sì fi ẹlòmíràn sílẹ̀ nínú ebi nítorí rẹ̀. Kí ọmọ tún òrùlé ìyá ṣe. Bí kò bá lè ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́dún yìí, kó pè é, kó sọ òótọ́ fún un kí fọ́tò tó dé: "Mọ́mì, iye tí mo ní rèé, ti òrùlé rèé, ti àwọn ọmọ rèé." Ìyá tí a bá bá sọ òótọ́ kì í sábà ṣépè. Lẹ́yìn náà, kó wá bí ìyá náà ṣe máa sinmi, kódà bó jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Badagry, kí ẹlòmíràn máa ṣọ́ ìsọ̀ fún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ńkọ́? Ẹ kò nílò Newquay. Etíkun wà ní Badagry, òkè wà ní Ìdànrè, ahéré bàbá yín lè ṣì wà lóko. Ọjọ́ kan péré, kí ẹ pa fóònù, kí ẹ kó àwọn ọmọ dání. Ẹ ṣì lè máa gba àdúrà pé kí alẹ́ san yín. Àmọ́ ọ̀sán náà, ẹ̀yin lẹ ni ín.