Ó Ha Tọ́ Kí A Ra Ohun Tí Agbára Rẹ̀ Kò Tíì Dé Ọ̀dọ̀ Wa Bí?

Olùkọ́ kan nínú ìjọ wa, tí ó ń kọ́ni ní abúlé tí ó jìnnà sí ìlú ńlá, bi wá léèrè bí ó bá tọ́ kí òun yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti fi ra fóònù olówó gọbọi, irú èyí tí ń lo 5G, nígbà tí 5G kò tíì dé abúlé náà. Ó ní àwọn kan wí fún òun pé ìgbéraga ni. Àwọn mìíràn sì wí pé ọlọ́gbọ́n ni ẹni tí ó ra agbòjò ṣáájú òjò.

Kí a tó dá a lóhùn, ó yẹ kí a mọ bí ọ̀ràn náà ti rí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni àjọ NCC ta ẹ̀tọ́ àti lo ìgbì 5G ní gbàǹjo. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni MTN bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún gbogbo ènìyàn, Airtel sì tẹ̀lé e ní 2023. Àwọn ìlú bí Èkó, Àbújá àti Ìbàdàn ni ó kọ́kọ́ dé. Ìgbì náà kì í rìn jìnnà bí ti àtẹ̀yìnwá, ògiri sì tètè ń dí i lọ́nà, nítorí náà òpó rẹ̀ ní láti pọ̀, kí wọ́n sì súnmọ́ ara wọn. Níbi tí ilé kò pọ̀, ta ni yóò ná irú owó bẹ́ẹ̀? Fóònù olówó gọbọi tí ó bá dé ibẹ̀ yóò padà sí 4G tàbí 3G, bí ìwọ̀nyí pàápàá bá wà, gẹ́gẹ́ bí fóònù tí aládùúgbò rà ní owó pọ́ọ́kú.

Síbẹ̀ a kò lè fi ọ̀rọ̀ ìgbéraga nìkan parí ẹjọ́ náà. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, àwọn tí ó lè ka èdè Yorùbá kò pọ̀ rárá. Bí a bá fi ojú ọjà wò ó, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà ti dé ṣáájú àwọn tí yóò jẹ àǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn míṣọ́nnárì tí ó ni ẹ̀rọ náà ni wọ́n tún ń dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ kan ń tẹ ìwé, ọwọ́ kejì ń kọ́ ènìyàn ní kíkà. Ohun tí wọ́n ń retí wà ní ìkáwọ́ wọn dé ìwọ̀n kan. Arákùnrin wa kò lè gbin òpó sí abúlé rẹ̀. Kò sí aápọn rẹ̀ tàbí sùúrù rẹ̀ tí yóò mú 5G dé ní ọjọ́ kan ṣáájú ìgbà tí ilé iṣẹ́ kan bá rí i pé èrè wà níbẹ̀. Owó tí ó bá san nítorí 5G, orí ìpinnu ẹlòmíràn ni ó gbé e lé, ẹni náà kò sì ṣe ìlérí kankan fún un.

A gbọ́ pé fóònù dáradára a máa pẹ́. Òtítọ́ ni: Google ní 2023, àti Samsung ní 2024, ṣèlérí ọdún 7 láti máa tún inú àwọn fóònù wọn tí ó gajù ṣe. Ṣùgbọ́n bátìrì ń darúgbó bí 5G dé bí kò dé, àwọn fóònù tí owó wọn mọ níwọ̀n sì ti ń lo 5G náà nísinsìnyí.

Bí ó bá jẹ́ kámẹ́rà rẹ̀ ni arákùnrin wa fẹ́ràn, tàbí ààyè inú rẹ̀ tí ó lè gba Bíbélì, ìwé orin àti ẹ̀kọ́ ọdún kan, ìwọ̀nyí kì í bèèrè nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí ó sì sọ bẹ́ẹ̀ gbangba. Fífẹ́ ohun dáradára kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. (Àwa tí ń lọ ẹ̀wù funfun wa ní àlọ̀túnlọ̀ fún ọjọ́ àjọ̀dún kò gbọdọ̀ yára dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ohun tí ojú ń fẹ́.) Èyí tí ó burú ni kí a fẹ́ ohun kan, kí a sì fún ìfẹ́ náà ní orúkọ mìíràn, kí àwọn tí yóò bá wa gbé ẹrù rẹ̀ má baà mọ̀.

Nítorí ẹrù wà níbẹ̀. Òfin ọdún 2024 fi owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ sí 70,000 náírà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn fóònù olórúkọ tuntun sì ń gba ju 1,000,000 náírà lọ. Ẹni tí ń gba owó oṣù bẹ́ẹ̀, bí kò tilẹ̀ jẹun, oṣù 14 kò tó o. Àwọn baba wa wí pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹgbẹ́ kì í sì í yá ènìyàn lówó láìsí onígbọ̀wọ́. Olúwa wa sọ ti ẹni tí ń fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, pé ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀. A rò pé orúkọ àwọn tí ó dúró fún un wà nínú ìṣírò náà.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí arákùnrin wa bẹ ọ̀rẹ́ kan tí ó ní irú fóònù náà kí ó wá sí abúlé, kí wọ́n jọ gbé e yí ilé, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìsìn ká ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń pè, kí wọ́n sì wo ohun tí yóò ṣe. Lẹ́yìn èyí kí ó pe ìyàwó rẹ̀ àti àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀ jọ, kí ó sọ iye owó náà fún wọn láìdín kọ́bọ̀ kan kù, àti ohun tí ó fẹ́ fi fóònù náà ṣe, kí ó tó fọwọ́ sí ìwé ẹgbẹ́.